Kí Ọmọ Tó Dé: Bí Ìdílé Tó Fẹ́ Gba Ọmọ Ṣọmọ Ṣe Lè Rí Alátìlẹ́yìn àti Olùtọ́sọ́nà

Ọ̀pọ̀ ìdílé tó bá fẹ́ gba ọmọ ṣọmọ nílẹ̀ Yorùbá máa ń rò pé iṣẹ́ méjì péré ló wà nílẹ̀: kí wọ́n rí ọmọ, kí adájọ́ sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ méjèèjì gba sùúrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí èmi àti ọkọ mi ti ń tọ́ ọmọbìnrin wa, tí a gbà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ni pé ọjọ́ tí ìwé kóòtù bá jáde gan-an ni àwọn ìbéèrè tó le jù ń bẹ̀rẹ̀, àti pé ìdílé tí kò bá ti ní ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ lọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kì í tètè rí i lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi to ìtọ́sọ́nà yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ ó wá lọ, ìgbà tí ẹ ó wá a lọ, àti ohun tí ẹ ó bi í. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni mo ń bá wí. Àwọn tó wà lókè òkun ní ọ̀rọ̀ tiwọn nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu pé ẹ kò ní ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́

Mo fi èyí ṣáájú òfin àti ìwé, nítorí pé gbogbo ìrànlọ́wọ́ yòókù dúró lé e lórí. Ó ṣòro kí a rí àdúgbò tí wọn kò ti gbọ́ ìtàn obìnrin tó ń fi aṣọ di ikùn, tó kó kúrò nílùú nígbà tí oṣù ń sún mọ́, tó sì padà dé pẹ̀lú ọmọ jòjòló lẹ́yìn. N kò dá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Mo mọ ohun tí ojú ẹni tó ń wojú Olúwa fún ọmọ ń rí, láti ẹnu ìyá ọkọ títí dé ibi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àṣírí náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dókítà bá bi í léèrè irú àìsàn tó wà nínú ìdílé, irọ́ ni yóò fi dáhùn, orí irọ́ náà ni dókítà yóò sì ti kọ oògùn. Bí ọmọ bá ń sunkún lóru ní ọ̀nà tí kò yé e, kò ní lè pe ẹnikẹ́ni kó sọ pé, "Ọmọ tí a gbà ni, kí ni kí n ṣe?" Bí ọmọ bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu aládùúgbò ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹni tó yẹ kó tù ú nínú náà ni yóò máa wò bí òpùrọ́.

Kí a má ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́ kò túmọ̀ sí kí a lu agogo rẹ̀ káàkiri ìlú. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Pé ẹ gba ọmọ ṣọmọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹbí, dókítà àti ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọmọ náà, ẹni tó gbé e sílẹ̀, àti ipò tó wà lọ́jọ́ náà jẹ́ ohun ìní ọmọ. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i bí kò ṣe òun àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi fohùn ṣọ̀kan lórí gbólóhùn kan ṣoṣo tí a ó máa sọ fún ẹni tó bá ń tọ pinpin: "Ọmọ wa ni, Ọlọ́run ló fi ta wá lọ́rẹ, ìyókù ìtàn náà tirẹ̀ ni." A ti sọ ọ́ tó ìgbà tí a kò lè kà mọ́.

Tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ fẹ́ ẹ dénú. Bí ọ̀kan bá ń tẹ̀ lé èkejì nítorí àlàáfíà ilé, ẹ dúró ná.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà kí ẹ tó lọ sí ilé ọmọ kankan

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn máa ń lọ tààrà sí ilé ìtọ́jú ọmọ aláìlóbìí láti lọ yan ọmọ. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ, ní Alausa, Ìkẹjà, ni ẹ ó lọ. Ní Ọ̀yọ́ àti Ògùn, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ní Sẹkitéríàtì Agodi ní Ìbàdàn àti ní Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta. Níbikíbi tí ẹ bá wà, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ẹ sì béèrè àwọn wẹ́fíà tó ń bójú tó gbígba ọmọ ṣọmọ, wọn yóò júwe fún yín.

Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì ti sọ di òfin tiwọn. Ti Èkó jáde ní ọdún 2007. Ohun tí òfin ọdún 2003 náà sọ ni pé tọkọtaya lè jọ gba ọmọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá ti pé ọmọ ọdún 25, tí wọ́n sì fi ọdún 21 ó kéré tán ju ọmọ náà lọ. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 35, ọmọbìnrin nìkan ni obìnrin bẹ́ẹ̀ sì lè gbà, ọmọkùnrin nìkan ni ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ẹni tó ń béèrè ní láti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún ọdún 5, ó ní láti ti fi ìpinnu rẹ̀ tó òṣìṣẹ́ wẹ́fíà létí, ó kéré tán oṣù 12 kí àṣẹ kóòtù tó jáde, ọmọ náà sì ní láti ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù 3 gbáko ṣáájú àṣẹ náà. Ìwé tí wọn yóò béèrè ni ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó tàbí ìwé ìbúra kóòtù, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí, fọ́tò pàsípọ́ọ̀tù méjì, àti ìwé ìlera láti ọsibítù ìjọba. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi tirẹ̀ kún un, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Oṣù 12 yẹn máa ń bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Mo rọ̀ yín kí ẹ gbà á bí àkókò tí ẹ ó fi kó àwọn alátìlẹ́yìn yín jọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ìgbésẹ̀ tó kù nínú ìwé yìí ló lè wáyé láàárín rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò wá wo ilé yín. Àwọn ènìyàn máa ń kun ògiri, wọ́n a yá àga ìjókòó, wọ́n a sì múra bíi pé gómìnà ló ń bọ̀. Ìyá tó wá sílé wa kò wo àga rárá. Ó lọ sí ìdáná, ó wo ibi tí a ń kó kẹrosíìnì sí, ó béèrè iye ìgbà tí omi ń yọ nínú ẹ̀rọ, ó sì ní kí n fi ibi tí ọmọ yóò máa sùn han òun. Lẹ́yìn náà ló jókòó, ó bi ọkọ mi pé bí ọmọ náà bá jalè ní ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí, kí ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ọkọ mi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó dáhùn. Ìbéèrè yẹn wúlò fún wa ju gbogbo ìwé tí a fọwọ́ sí lọ, mo sì gba nọ́ńbà fóònù ìyá náà kó tó jáde. Bí ẹ bá rí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, ẹ má kà á sí ọlọ́pàá tó wá mú yín. Ẹ bi í léèrè iye ìdílé tó ti bá rìn, ibi tí wọ́n ti máa ń kọsẹ̀, àti bóyá ó lè bá yín tọrọ àyè lọ́wọ́ ìdílé kan tó ti ṣe irú rẹ̀ láti bá yín sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Agbẹjọ́rò, owó, àti àwọn tí ẹ ó sá fún

Ẹ gba agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ kóòtù ẹbí, kì í ṣe ti ilẹ̀ tàbí ti ìbò. Òun ni yóò kọ ìwé ìbéèrè sí kóòtù, òun náà ni yóò rí i dájú pé lẹ́yìn tí àṣẹ bá jáde, wọ́n fi orúkọ ọmọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà fún àwọn ọmọ tí a gbà ṣọmọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń gbàgbé apá ìkẹyìn yìí nínú ayọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n a sì máa sáré kiri nígbà tí ọmọ bá fẹ́ gba pàsípọ́ọ̀tù.

Owó tí ìjọba bá béèrè, àpò ìjọba ni ẹ san án sí, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ iye owó fún ọmọ, ìbáà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà sì jẹ́ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní agbódegbà fún ilé ọmọ aláìlóbìí, òwò ọmọ ló ń ṣe. Òfin ọdún 2003 sọ títa àti ríra ọmọ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 wà fún, ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á sì ni òfin náà ń bá wí. Ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀: àwọn ilé tí wọ́n ń tì mọ́ àwọn ọmọbìnrin tó lóyún, tí wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí i. Bí irú ìpè bẹ́ẹ̀ bá wọlé sí yín, àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti òwò ènìyàn ni kí ẹ fi tó létí, tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí ẹ ti mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀nà kúkúrú máa ń dán lójú ẹni tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ rà kò ní ìwé, ẹ kò sì lè tọ kóòtù lọ fún un. Ìbẹ̀rù yóò máa bá yín gbélé.

Ẹ̀yin tó wà ní Bìrìtéènì, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Láti oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021 ni ìjọba ibẹ̀ ti dá gbígba ọmọ ṣọmọ láti Nàìjíríà dúró, nítorí ìbẹ̀rù òwò ọmọ àti ìwé tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àfi bí ẹni náà bá lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ tòun yàtọ̀ pátápátá. Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Hague ti ọdún 1993 lórí gbígba ọmọ ṣọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, èyí tó mú kí ti Amẹ́ríkà náà ní ìlànà ọ̀tọ̀. Káńsù àdúgbò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń bẹ lọ́hùn-ún náà tí wọ́n ń dúró de ìdílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń dúró pẹ́ ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹgbẹ́ aláàánú Adoption UK wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ràn àti àtìlẹ́yìn fún àwọn òbí tó gba ọmọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wọ agbo ilé

Apá yìí ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa, òun sì ni àwọn ìwé ìjọba kò sọ̀rọ̀ lé lórí. Kóòtù lè sọ pé ọmọ yín ni. Lójú òfin, ọmọ náà ti dà bí èyí tí ẹ bí nínú ìgbéyàwó yín, títí kan ọ̀rọ̀ ogún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá bá kú tí àwọn àbúrò rẹ̀ bá jókòó lórí ẹní, ẹ ó gbọ́ gbólóhùn náà: "Èyí tí wọ́n gbà kì í ṣe ara wa." Ẹni tó lè pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́ ni ẹni tó ti jẹ́rìí sí ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ bá olórí ẹbí kí ọmọ tó dé. Ẹ má lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó lè sọ pé rárá, ẹ lọ fi tó o létí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ọkọ sọ̀rọ̀ nínú ẹbí tirẹ̀, kí ìyàwó sì sọ̀rọ̀ nínú ti ìdílé tó bí i. Ẹ wá àgbàlagbà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan tí yóò di alágbàwí ọmọ náà, pàápàá ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dàgbà lọ́dọ̀ alágbàtọ́. Irú wọn pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí kí ọmọ dàgbà lọ́dọ̀ ẹni tí kò bí i. Ohun tó ṣàjèjì sí wọn ni pé kí ọmọ náà máa jẹ́ orúkọ ilé kó sì jogún. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ ṣàlàyé, láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ẹ ṣe ìsọmọlórúkọ, bí ọmọ tilẹ̀ ti dàgbà. Ẹ má pa orúkọ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ tì bí ó bá ti mọ̀ ọ́n. Àṣà wa tí olúkúlùkù ń fún ọmọ lórúkọ tirẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún tuntun láìpa ti àtijọ́ rẹ́. Lọ́jọ́ tiwa, a gbé oyin, iyọ̀, obì àti orógbó kalẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin náà sì jókòó sórí ẹsẹ̀ ọkọ mi, ó ń wo gbogbo wa bí ẹni tó ń ka ènìyàn. Ọ̀rọ̀ oríkì ni mo ń bẹ̀rù. Mo rò pé àwọn ìyá ilé yóò yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí oríkì orílẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi obìnrin, tí mo ti lọ bá ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọjọ́ náà tó pé, dìde, ó fi ìka kan oyin sí ọmọ lẹ́nu, ó sì pè é ní Àjọkẹ́. Gbogbo ilé gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń sọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ wa bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, Àjọkẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pè, yóò wá kì í lọ títí dé orírun ọkọ mi, kò sì sí ẹni tó tún ṣèṣì sọ ìsọkúsọ lójú rẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ dárúkọ ọmọ náà níbẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì fi ẹ̀dà àṣẹ kóòtù sí ọwọ́ agbẹjọ́rò àti ọwọ́ alágbàwí ọmọ nínú ẹbí.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ní ohun mìíràn láti rò. Súrà Al-Ahzab nínú Kùránì, ní ẹsẹ 4 àti 5, pàṣẹ pé kí á máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fi ń tọ́ka sí kafala, ìyẹn kí a tọ́ ọmọ, kí a bọ́ ọ, kí a sì dáàbò bò ó láìpa ìran rẹ̀ rẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sí lára àwọn tí ogún kàn ní ìlànà Ṣàríà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi wasiya, ìyẹn ìhágún, fún un ní ohun ìní yín tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọmọ jòjòló tí ìyá bá fún lọ́mú kó tó pé ọdún 2 lè di ọmọ ọmú, èyí sì máa ń tú ọ̀rọ̀ ìborí àti ìbágbépọ̀ ká nínú ilé nígbà tó bá dàgbà. Ẹ lọ bá àlùfáà tó mọ òfin dáadáa kí ẹ tó tọ kóòtù lọ, kí ẹ sì mú ìmọ̀ràn rẹ̀ lọ fún agbẹjọ́rò, nítorí òfin ìjọba ní ìlànà fún alágbàtọ́ tí kò yí ìran ọmọ padà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Dókítà ọmọdé

Ẹ yan dókítà kan tí yóò mọ òtítọ́, kí ẹ sì gba káàdì àjẹsára àti gbogbo ìwé ìtọ́jú láti ilé tí ọmọ ti ń bọ̀. Ẹ ní kó yẹ jẹ́nótáìpù ọmọ wò. Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, kí wọ́n tún un ṣe nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun máa ń da àyẹ̀wò náà rú. Bákan náà ni ti HIV: àmì tí ọmọ gbà lára ìyá tó bí i lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí di bí oṣù 18 láìjẹ́ pé ọmọ náà ní kòkòrò ọ̀hún, nítorí náà àyẹ̀wò PCR, èyí tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀, ni kí ẹ béèrè fún ọmọ tí kò tó ọjọ́ orí yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n rí, ẹ má dá ọmọ padà nínú ìpayà. Sickle Cell Foundation Nigeria ní ilé ìtọ́jú ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì LUTH, ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó, níbi tí ẹ ti lè rí ìtọ́sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn tó ti rin ọ̀nà náà

Kò sí ìmọ̀ràn tó dà bí ti ẹni tí ọmọ tó gbà ti fi ilẹ̀kùn mọ́ lójú. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà, agbẹjọ́rò, àti àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ ló sábà máa ń mọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ láìgba àyè. Ẹ fi tiyín sílẹ̀, kí wọ́n pè yín. Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Tiwa máa ń pàdé ní ilé ọ̀kan nínú wa ní ọ̀sán Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ọmọ á máa ṣeré lágbàlá, àwa á máa sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀. A fi òfin mélòó kan lélẹ̀: a kì í gbé fọ́tò àwọn ọmọ sórí Facebook tàbí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé a gbà wọ́n, ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kì í jáde, ẹni tó bá sọ pé ó rẹ òun tàbí pé òun ń kábàámọ̀, a kì í dá a lóhùn pẹ̀lú ìwàásù.

Òfin kẹta yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìyá tó gba ọmọ lè sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì lè máa tijú pé ohun tí òun fi ọdún gbogbo tọrọ ló wá rẹ òun báyìí. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì fúyẹ́, kí ó lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ keje: Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ilé

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọ wa dé, mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ mi sì ba nǹkan líle lábẹ́ ìrọ̀rí. Ègé búrẹ́dì mẹ́rin ni, wọ́n ti gbẹ kankan, ó to wọ́n ní ẹsẹẹsẹ bí ẹní to owó. Mo pariwo nítorí èèrà. Ó wò mí, ó dì mọ́ ògiri, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo pe ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo rò pé yóò sọ fún mi bí mo ṣe máa bá a wí. Ohun tó sọ ni pé ebi tí ọmọ náà ń bẹ̀rù kì í ṣe tòní, kí n wá abọ́ onídèérí kan, kí n fi bísíkítì àti ẹ̀pà sínú rẹ̀, kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n sọ fún un pé tirẹ̀ ni, kí n sì rí i pé kò gbẹ láé. Alaalẹ́ ló ń ṣí ìdérí náà wò. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó sùn láìwò ó.

Irú ìwà báyìí pọ̀: ọmọ tó ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti dẹ́kun, ọmọ tí kì í sunkún rárá bó tilẹ̀ ṣubú, ọmọ tó ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá nawọ́ sí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń dùn mọ́ àwọn àlejò nínú, wọn a ní ara ọmọ náà yọ̀ mọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò tíì mọ ẹni tó jẹ́ tirẹ̀ ni. Àwa Yorùbá sọ pé ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ bẹ igba ojú náà kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan máa fún ọmọ lóúnjẹ, kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa gbé e sùn, títí ọmọ yóò fi mọ ẹni tí yóò sá tọ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Àwọn ẹbí tó fẹ́ ṣèrànwọ́ lè dáná, wọ́n lè lọ sọ́jà, wọ́n lè fọ aṣọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́, olórí ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ kíláàsì ọmọ nìkan ló yẹ kó mọ̀, kí wọ́n má bàa ní kí ó mú fọ́tò ìgbà tó wà ní ìkókó wá láìjẹ́ pé ẹ ti múra rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ìtàn ọmọ náà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nígbà tí kò tíì lè yé e tán, kí ó má bàa sí ọjọ́ kan pàtó tí yóò máa rántí pé ayé òun yí padà. Ọ̀rọ̀ kékeré ló tó: "Ìyá kan ló bí ẹ, kò lè tọ́ ẹ. A wá ẹ títí a fi rí ẹ, àwa ni ìyá àti bàbá rẹ títí ayé." Ẹ má sọ pé ìyá tó bí i burú, ẹ má sì sọ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an bí ẹ kò bá mọ̀. Ẹ wá àpótí kan, kí ẹ kó ohun tó bá bá ọmọ wá sínú rẹ̀: aṣọ tí ó wọ̀ wá, fọ́tò ilé tó gbé, orúkọ olùtọ́jú tó mọ̀ ọ́n jù, ẹ̀dà àṣẹ kóòtù. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gba ọmọ, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ìwé a sì máa sọnù.

Bí ọmọ bá dàgbà tó béèrè ju ohun tó wà nínú àpótí lọ, ẹ padà sí ọ́fíìsì tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mú nọ́ńbà fáìlì dání, kí ẹ sì bi wọ́n ohun tí òfin gbà kí wọ́n fi han ọmọ náà ní ọjọ́ orí tó wà. Ẹ bá a lọ, ẹ má rán an, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ọmọ wa béèrè ní ọdún yìí, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá tó wá wo ìdáná wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni mo pè. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ ẹni tí a ó béèrè fún wa, ó sì wọ ọkọ̀ láti ilé rẹ̀ wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀.